Mélòó ni Wá? Ilẹ̀ àti Ènìyàn ní Àwọn Abúlé Etí Òkun Lẹ́kí

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa kò fẹ́ kí ènìyàn na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ kí ó máa kà wọ́n ní ení, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Ìbẹ̀rù tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà kò ṣókùnkùn: ohun tí ọ̀tá bá ti mọ iye rẹ̀, ó lè mọ iye tí yóò mú kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Lónìí, ìjọba ni ó ń pín omi, iná, ọ̀nà, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, iye orí ni ó sì fi ń pín wọn. Abúlé tí kò bá sí nínú ìwé ìkànìyàn dà bí èyí tí kò sí láyé, nígbà tí ẹni tí ó ní owó àti agbára bá sì ń wá ilẹ̀, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni bí ilẹ̀ ṣe rí àti bí ènìyàn ṣe pọ̀ tó ní àwọn abúlé kéékèèké tí ó wà láti Ajah títí dé ìlú Lẹ́kí àtijọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìbéèrè méjì ni yóò máa tọ́ wa sọ́nà: kí ni ó ń jẹ́ abúlé, ta ni ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ iye ẹni tí ó wà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Bí ènìyàn bá kúrò ní Victoria Island tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò máa tọ̀, èyí tí ó nà lọ bí ahọ́n láàárín omi méjì. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ní gúúsù. Ọ̀sà Èkó àti ọ̀sà Lẹ́kí wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, ní àríwá. Gígùn ilẹ̀ náà tó nǹkan bí 70 kìlómítà, ìbú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 10 kìlómítà lọ. Kò sí òkè níbẹ̀, kò sí àpáta. Iyanrìn ni òkun fi kọ́ ọ. Láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni ìgbì ti ń ru iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, tí ó ń kó o jọ ní ebè-ebè, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti í kọ ebè iṣu. Orí ebè iyanrìn wọ̀nyí ni àwọn ará àtijọ́ tẹ abúlé wọn dó sí. Poro tí ó wà láàárín ebè méjì ni àbàtà, níbi tí omi òjò máa ń sinmi sí kí ó tó wábi gbà lọ sínú ọ̀sà.

Ètò ilẹ̀ yìí ni ó ṣe àlàyé ohun púpọ̀ nípa ìgbé ayé ibẹ̀. Omi tí a lè mu kò jìnnà: bí wọ́n bá gbẹ́ kànga díẹ̀ sílẹ̀, omi ti dé. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni kò fi sí ibi tí omi òjò yóò rì sí bí a bá di àbàtà pa. Àgbọn ń hù ní etí òkun, ọ̀pẹ ògùrọ̀ ń hù nínú irà, ẹ̀gẹ́ sì ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ iyanrìn níbi tí iṣu kò ti lè ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí gbogbo ibẹ̀ ṣe rí kí ilé tó kún un, kí ó lọ sí ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá inú igbó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lẹ́kí ní ọdún 1990. Hẹ́kítà 78 péré ni ọgbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀bọ, ọ̀nì, ẹyẹ omi àti igi irà ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ilé gbogbo wọn láti Victoria Island dé Ẹ̀pẹ́ nígbà kan ti di ohun tí a ń san owó wọlé lọ wò.

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, orúkọ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò bí mo bá fẹ́ mọ ìtàn ibi kan. Orúkọ àwọn ìlú àti abúlé agbègbè yìí dà bí àwòrán ilẹ̀ tí a fi ẹnu yà. Etí-Ọ̀sà, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ajah wà nínú rẹ̀, sọ ibi tí ó wà láìfi ohunkóhun pamọ́. Ṣàngótẹ̀dó sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó kéré tán, ó sọ ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ kí a gbà pé ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ wo Òkun-Ajah, Òkun-Mopo àti Òkun-Alfa. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi òkun ṣíwájú. Ajah wà ní apá ọ̀sà. Òkun-Ajah ni apá rẹ̀ tí ó kọjú sí òkun. Èyí fi hàn wá pé abúlé kan kì í ṣe ojú kan péré lórí ilẹ̀ yìí. Ìlú a máa ní ẹsẹ̀ kan ní etí ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ tí ọjà sì ti ń gbéra, a sì máa ní ẹsẹ̀ kejì ní etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń da àwọ̀n. Ẹni tí ó bá ka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kò tíì ka ìlú náà tán.

Orúkọ náà a sì máa kọ́ wa bí nǹkan ṣe ń sọnù. Igbo Efon ni a kọ sí ojú títì ní apá ibi tí àwọn ilé olówó ńlá wà báyìí. Bí a bá pè é ní Igbó Ẹfọ̀n, igbó ẹran ńlá tí àwọn ọdẹ ń bẹ̀rù ni. Bí ẹni tí kò mọ ìtàn bá kà á bí ẹ̀fọn, ó di igbó kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Àkọlé ojú títì kò ní àmì ohùn, àwọn tí ó kún ibẹ̀ kò sì bá ọdẹ kankan níbẹ̀ tí wọn yóò bi léèrè.

Ta ni wọ́n ń gbé orí ilẹ̀ yìí? Àwọn Àwórì wà níbẹ̀, pàápàá ní apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí àwọn ìdílé Ìdẹ́jọ, àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó, ti ní àṣẹ. Oníru, Ẹlẹ́gùṣì àti Olúmẹ̀gbọ́n wà lára wọn, ìdílé Olúmẹ̀gbọ́n ni ìtàn sì so mọ́ Ajah. Bí a bá ti ń lọ sí apá Ìbẹ̀jú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ̀jẹ̀ àti ohùn Ìjẹ̀bú a máa pọ̀ sí i. Àwọn Ìlàjẹ, àwọn atukọ̀ tí omi kò bà lẹ́rù, gba ojú omi wá láti ìlà-oòrùn. Àwọn Ègùn gba ojú omi wá láti ìwọ̀-oòrùn. Àwọn apẹja láti Gánà àti Tógò, tí Èkó ń pè ní Àgànyìn, wá pẹ̀lú àwọ̀n ńlá tí ogún ènìyàn ń fà láti etí òkun. Bí ó ti wù kí abúlé kéré tó, kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo ni a óò bá níbẹ̀.

Iṣẹ́ wọn bá ilẹ̀ mu. Ọkùnrin ń pẹja, obìnrin ń yan ẹja, wọ́n ń gbé e lọ sí ọjà. Wọ́n ń ká àgbọn, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń hun ẹní. Ọ̀sà ni títì wọn: ọkọ̀ ojú omi ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ Èkó, mọ́ Ẹ̀pẹ́ àti mọ́ ọjà Ejìnrìn, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Òkun ni oko wọn, ọ̀sà ni ọ̀nà ọjà wọn, iyanrìn ni ibùsùn wọn. Nítorí náà, bí a bá gba ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ wọn, a kò gba ìdá kan nínú mẹ́ta ọrọ̀ wọn. Gbogbo rẹ̀ ni a gbà, nítorí pé ọ̀kan kò wúlò láìsí èkejì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ibi tí ayé kò mọ̀ ni etí òkun yìí tẹ́lẹ̀. Orúkọ Kuramo ti wà lórí àwòrán ilẹ̀ àwọn òyìnbó Potogí láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní dààmú Èkó mọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà pé kí ó máa fi Palma, ní etí òkun yìí kan náà, ṣe èbúté òwò rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá ní ọdún 1861, Kòsọ́kọ́ padà sílé ní ọdún 1862, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1863, Palma àti Lẹ́kí ti bọ́ sábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìtàn yìí. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìwé gbé etí òkun yìí láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn tí wọ́n ń da àwọ̀n níbẹ̀ kò sí nínú ìwé náà. Ilẹ̀ ní orúkọ nínú àdéhùn, èbúté ní orúkọ, ọba ní orúkọ. Iye àwọn abúlé kò sí níbẹ̀, iye ènìyàn kò sí níbẹ̀.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Lẹ́kí ṣì jìnnà sí ayé tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ń wò ó bí ibi tí a lè fi ènìyàn pamọ́ sí. Nígbà tí rògbòdìyàn ìṣèlú bẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1962, tí ìjọba àpapọ̀ kéde ìlú kò fararọ, Lẹ́kí ni wọ́n ní kí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ máa gbé, kí ó má ṣe kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ronú díẹ̀ yóò mọ ìdí tí ó fi jẹ́ ibẹ̀. Kò sí títì tí ó dé ibẹ̀; omi ni ènìyàn máa gbà. Ibi tí a fi ṣe ìgbèkùn ní ọdún 1962 ni a wá fi orúkọ rẹ̀ pe ilẹ̀ tí ó wọ́n gan-an ní Nàìjíríà lónìí. Orúkọ Lẹ́kí ti rin ọ̀nà jíjìn padà sí ẹ̀bá Victoria Island, ṣùgbọ́n ìlú Lẹ́kí gan-an ṣì wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí.

Ẹ jẹ́ kí a wá yà sí ọ̀rọ̀ ìkànìyàn. Òótọ́ ni pé a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ, ṣùgbọ́n irọ́ ni pé àwọn baba wa kò mọ iye ènìyàn wọn. Ní Dahomey, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, òkúta wẹ́wẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ààfin fi ń ka àwọn ará ìlú, wọ́n sì ń kó o pamọ́ sínú àpò fún ọba. Lọ́dọ̀ tiwa, agboolé ni a ń kà. Baálé mọ iye ilé, olórí ilé mọ iye ọmọ. Ètò òǹkà wa pàápàá fi hàn pé a kò bẹ̀rù iye ńlá: ọ̀kẹ́ kan, tí ó jẹ́ 20,000, jẹ́ àpò owó ẹyọ kí ó tó di orúkọ iye. Ohun tí àwọn baba wa kọ̀ ni kí àlejò wá kà wọ́n láìsọ ohun tí ó fẹ́ fi iye náà ṣe.

Àwọn òyìnbó amúnisìn kò sì mú ìfura yẹn kúrò. Ìkànìyàn wọn àti owó orí wọn dà bí ìbejì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ka ènìyàn ní ọdún 1931, ìbẹ̀rù owó orí àti eṣú tí ó bo oko jẹ́ kí iṣẹ́ náà mẹ́hẹ. Lẹ́yìn òmìnira, ìwà náà yí padà bìrí. Nígbà tí owó ìjọba àti ìjókòó ilé aṣòfin ti di ohun tí a ń fi iye orí pín, ẹni tí ń sá pamọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń fẹ́ kí a ka òun lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fagi lé ìkànìyàn ọdún 1962. Ti ọdún 1963, tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 55 àti díẹ̀, dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Wọ́n fagi lé ti ọdún 1973 pẹ̀lú. Ti ọdún 1991 fi mílíọ̀nù 88 àti díẹ̀ hàn, ti ọdún 2006 sì fi mílíọ̀nù 140 hàn. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ọdún 2023 kò ṣeé ṣe. Wọ́n sún un síwájú.

Ti ọdún 2006 yẹ kí a dá dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ìjọba méjì ni ó ka ènìyàn kan náà ní Èkó. Ìjọba àpapọ̀ ní gbogbo ènìyàn Ìpínlẹ̀ Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ìkà tirẹ̀, ó ní mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀ ni wọ́n. Ní Etí-Ọ̀sà, ìjọba àpapọ̀ ka 287,785, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá àti díẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ka 983,515, ìyẹn ọ̀kẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta àti díẹ̀. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ọ̀rọ̀ yàtọ̀: 117,481 ni ti ìjọba àpapọ̀, 99,540 ni ti ìpínlẹ̀. Ẹ wò ó bí ó ti rí. Ní ibi tí ìlú ńlá ti gbòde, àwọn méjèèjì jìnnà sí ara wọn ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀. Ní ibi tí abúlé ti pọ̀, wọ́n súnmọ́ ara wọn, ìpínlẹ̀ tí ń jà fún ènìyàn púpọ̀ gan-an ni ó sì ka iye tí ó kéré. Èrò tèmi ni pé kò sí ẹni tí ó fi bẹ́ẹ̀ jà nítorí abúlé. Lẹ́yìn gbogbo ariwo náà, iye tí aráyé ń rí kà dúró sí orí ìjọba ìbílẹ̀. Ará Òkun-Ajah tí ó bá fẹ́ mọ iye ènìyàn Òkun-Ajah kò ní rí i nínú rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀bi akànìyàn nìkan. Abúlé etí òkun ṣòro láti kà. Apẹja lè wà ní ojú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àgànyìn lè wá ní àsìkò ẹja kí ó sì padà lọ. Ọmọ abúlé tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ń sùn ní Èkó, ṣùgbọ́n abúlé ni yóò padà sí ní ọdún Iléyá tàbí ní ọdún Kérésì, ibẹ̀ ni ó kọ́ ilé sí, ibẹ̀ ni wọn yóò sì sin ín sí. Òfin ìkànìyàn ní kí a ka ènìyàn sí ibi tí a bá a. Àṣà Yorùbá ní kí a ka ènìyàn sí ibi tí ibojì baba rẹ̀ wà. Olùgbé yàtọ̀ sí ọmọ ìlú. Àkọsílẹ̀ tí ó bá fẹ́ sọ òótọ́ nípa abúlé wa gbọ́dọ̀ ní òpó méjì, ọ̀kan fún olùgbé, ọ̀kan fún ọmọ ìlú.

Bí ìkà ṣe rí nìyẹn nígbà tí títì wọlé dé. Ìjọba Alhaji Lateef Jakande, tí ó ṣe gómìnà láti ọdún 1979 sí 1983, ni ó la òpópónà tí ó gba Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà náà ni ojú ìlú ti kúrò ní ọ̀sà tí ó sì kọjú sí títì. Èbúté tí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà abúlé tẹ́lẹ̀ di ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n di èyí tí àwọn awọnlẹ̀ ń fi ẹ̀rọ wọ̀n. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1990, nígbà ìjọba ológun Raji Rasaki, katakata wọ Màrókò, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ti kó kúrò ní Victoria Island ṣáájú ti fìdí kalẹ̀. Ọjọ́ méje péré ni ìkìlọ̀ tí wọ́n rí gbà. Iye tí gbogbo ènìyàn ń pè ni 300,000. Díẹ̀ nínú wọn rí yàrá gbà ní Ìlàsan àti Ìkọtà. Àwọn yòókù fọ́n ká. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ ro iye náà. Wíwó ni ó sọ ọ́ di mímọ̀. Nígbà tí Màrókò wà láàyè, ta ni ó ń pe iye rẹ̀? Nígbà tí ó kú tán ni gbogbo ayé mọ bí ó ti tóbi tó.

Òfin ilẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù dá Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, láre lórí ilẹ̀ Àpápá. Ohun tí ìdájọ́ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹbí àti ará ìlú, bí ìjọba bá sì gbà á, owó gbà-má-bínú gbọ́dọ̀ jẹ́ ti onílẹ̀ pátápátá. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 wá fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tí abúlé fi ń rí ilẹ̀ ara rẹ̀ gbà padà ni pé kí ìjọba yọ apá kan kúrò nínú èyí tí ó ti gbà, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba. Ibí ni iye ènìyàn ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Abúlé tí ó bá lè fi hàn pé òun wà, pé òun ti pẹ́, pé ènìyàn òun pọ̀, ni ó ní ohun tí yóò fi bẹ̀bẹ̀ fún hẹ́kítà tí ó pọ̀. Èyí tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan, ohun tí wọ́n bá fún un ni yóò gbà.

Ní apá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ohun ńlá ti ṣẹlẹ̀ láti ọdún 2006 tí wọ́n ti dá àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Èbúté ọkọ̀ ńlá ti Lẹ́kí ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí a kọ́ láti máa fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́, ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà. Ilẹ̀ ìfọpo náà nìkan ju hẹ́kítà 2,600 lọ. Nǹkan àmúyangàn ni fún orílẹ̀-èdè tí ó ti ń ra epo fífọ̀ lọ́wọ́ ará òkèèrè. N kò ní sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn abúlé wà lórí ilẹ̀ náà. Wọ́n ṣí àwọn kan nídìí, àwọn mìíràn ṣì ń jà lórí owó gbà-má-bínú. Ìbínú náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀mí fi ṣòfò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, nígbà tí ọ̀gá àgbà kan ní àgbègbè òwò náà pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ nínú rúkèrúdò. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti jókòó ka ènìyàn, ka ibojì, ka igi àgbọn pẹ̀lú sùúrù ṣáájú, ìjà ni yóò máa kà wọ́n.

Òkun pàápàá ń gba tirẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, wọ́n dí iyanrìn tí ń rìn lọ sí ìlà-oòrùn lọ́nà. Iyanrìn ń pọ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn, òkun sì ń jẹ Bar Beach ní apá ìlà-oòrùn. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń da iyanrìn kọ́ ìlú Eko Atlantic sí ibi tí òkun ti jẹ, tí wọ́n sì ń fi ògiri ńlá dáàbò bò ó. Àwọn ará Òkun-Alfa, tí wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ odò iyanrìn yìí, ń ké pé láti ìgbà náà ni òkun ti túbọ̀ ń wọ ilé àwọn. Ní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ òpópónà etí òkun láti Èkó dé Calabar, tí gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ 700 kìlómítà. Àwọn ará Òkun-Ajah fẹ̀hónú hàn nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ipa ọ̀nà náà ti yà gba orí ilé àwọn. Òkun ní iwájú, títì ní ẹ̀yìn: àárín méjèèjì ni abúlé há sí.

Ó yẹ kí a wo ibòmíràn kí ọ̀rọ̀ wa lè yé wa sí i. Ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ bí Ohio, Iowa àti Nebraska, abúlé wà tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 200. Síbẹ̀, ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìjọba yóò kà wọ́n, yóò sì kọ ìwọ̀n ilẹ̀ wọn, iye ilé, iye ọmọdé àti arúgbó wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Láti ọdún 1790 ni wọ́n ti ń ka ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ìṣòro tiwọn ni pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi abúlé sílẹ̀ lọ ìlú ńlá, iye náà sì ń dín kù. Tiwa yàtọ̀: ìlú ńlá ni ó dìde láti wá bá abúlé nílé. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé ohun kan. Nínú ìkà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe yẹn, ẹrú mẹ́ta nínú márùn-ún ni òfin ní kí a kà nígbà tí a bá ń pín ìjókòó aṣòfin, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọn kò sì kà rárá. Ilẹ̀ àwọn tí a kò kà ni a kọ́kọ́ gbà. Nítorí náà, kíkà nìkan kọ́ ni ìgbàlà. Ẹni tí ó di ìwé mú àti ohun tí ó kọ sínú rẹ̀ ṣe pàtàkì.

Àṣìṣe kan sì wà tí iye lè mú wa ṣe. Bí a bá padà ka Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó lọ́la, ó dájú pé iye wọn yóò ti pọ̀ lọ́nà ìyanu. Ẹni tí ó bá wo ìwé nìkan yóò ní abúlé náà ń gbèrú. Ṣùgbọ́n abúlé lè kú nígbà tí iye rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí ẹni tí ó mọ orúkọ kànga kò bá sí mọ́, bí ọ̀nà tí ó lọ sí èbúté bá ti wà nínú ọgbà ẹlòmíràn, bí ibojì àgbà bá ti wà lábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, ilé ni ó kù níbẹ̀, abúlé ti lọ.

Ohun tí mo rí bí ojútùú kò le. Kí abúlé kọ̀ọ̀kan tí ó kù láti Ajah dé Lẹ́kí má ṣe dúró de ìjọba. Wọ́n ní ọmọ tí ó mọ̀wé. Kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n kọ orúkọ agboolé sílẹ̀, orúkọ olùgbé sí òpó kan, orúkọ ọmọ ìlú sí òpó kejì. Kí wọ́n kọ orúkọ kànga, èbúté, ojúbọ, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ibojì, kí wọ́n fi àmì ohùn sí wọn kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lè pè é bí ó ti yẹ. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ baálé, kí ọ̀kan wà ní ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò, kí ọ̀kan wà ní ilé ìkàwé. Èyí kò lòdì sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Wọn kò ní kí ọlọ́mọ má mọ iye ọmọ rẹ̀.